Orúkọ Mọ́kànlá

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Black Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ghana, àríyànjiyàn kì í tán bọ̀rọ̀ ní Sawaba ní Kumasi. Nídìí oníwáákyé, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Yorùbá, Hausa àti Asante jọ ń bá olùkọ́ni ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ló dé tí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Kotoko tiwa níbẹ̀? Ṣé àwọn tó wà ní Yúróòpù nìkan ló mọ bọ́ọ̀lù gbá ni? Lójú tèmi, àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ gbogbo wa ni, ó sì yẹ ká lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò wọ aṣọ rẹ̀.

Ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Ní oṣù kẹsàn-án, Angola wá bá wa ní pápá Baba Yara ní Kumasi níbí, wọ́n sì jẹ góòlù kan ṣoṣo nígbà tí eré ti fẹ́ parí. Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà láti dé Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, Ghana ò borí ẹyọ kan: ọ̀mì mẹ́ta, ìfìdírẹmi mẹ́ta. Angola, Sudan àti Niger ló wà lókè wa, bẹ́ẹ̀ ogun ń jà nílé àwọn ará Sudan, òkèèrè ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn. Ìgbà àkọ́kọ́ láti 2004 nìyẹn tí Ghana ò ní lọ síbi ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Gbogbo ẹni tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló ní ìwé orúkọ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti olùkọ́ni Otto Addo. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹwàá 2025, Otto Addo kan náà àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kan náà ló mú Ghana dé Ife Àgbáyé ọdún 2026.

Ẹni tó bá ti bá wọn jiyàn irú èyí rí, kò ní pẹ́ lóye kíríkẹ́ẹ̀tì. Eré náà kì í ṣe àjèjì sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rárá. Láti 1904 ni Èkó àti Gold Coast ti ń bá ara wọn gbá a. Ẹni mọ́kànlá ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ kan yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì yóò sì mú bátì dúró níwájú igi náà, yóò máa gbá bọ́ọ̀lù dànù, yóò máa sá lọ sá bọ̀ láti kó rọ́ọ̀nù jọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi, tàbí tí wọ́n hán an kó tó kan ilẹ̀, onítọ̀hún ti jáde nìyẹn, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀. Bí mẹ́wàá bá ti jáde, ó tán. Nínú èyí tó gùn jù, tí wọ́n ń pè ní Test, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń gbá a, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń mú bátì lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí yíyan ẹgbẹ́ ti le jù nìyí. Nínú bọ́ọ̀lù, bí olùkọ́ni bá ṣi ẹni yàn, ó lè pààrọ̀ ẹni márùn-ún kí eré tó parí. Nínú Test, ẹni tó bá wọlé dípò ẹni tó fara pa, kó máa bá wọn lé bọ́ọ̀lù kiri pápá ni. Kò gbọdọ̀ mú bátì, kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù, àfi bó bá jẹ́ orí ló ti ṣèṣe. Ẹni tí wọ́n bá yàn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ni wọn yóò máa wò títí eré yóò fi parí. Bí wọ́n bá sì fi oníbátì kan kún un, ajubọ́ọ̀lù kan ni yóò jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ láìsí ajubọ́ọ̀lù tó múná, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lé ogún ènìyàn jáde kí wọ́n tó borí.

Wá gbé irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ fún West Indies, tí kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan. Barbados, Jamaica, Trinidad, Guyana àti àwọn ibòmíràn ló pawọ́ pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ibi kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ kí ọmọ tòun wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ara pàápàá ń bẹ nínú rẹ̀: títí di 1960, aláwọ̀ funfun tàbí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe balógun ẹgbẹ́ náà. George Headley, aláwọ̀ dúdú, ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, ní 1948. C.L.R. James ọmọ Trinidad ló dìde sí i. Nínú ìwé ìròyìn The Nation tó jẹ́ olóòtú rẹ̀, ó kọ ọ́ léraléra pé Frank Worrell, aláwọ̀ dúdú, ni kí wọ́n fi ṣe balógun. Wọ́n fi í ṣe é. Worrell kó wọn lọ sí Ọsirélíà, ní Brisbane ní oṣù kejìlá 1960, ẹgbẹ́ méjèèjì ní rọ́ọ̀nù 737 géérégé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú Test ṣáájú ìgbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, àwọn ará Melbourne tú jáde sí títì láti sìn wọ́n sọ́nà. Àríyànjiyàn lórí orúkọ ẹnì kan ló bí gbogbo ìyẹn.

Láti 1980 di 1995, West Indies ò pàdánù ọ̀wọ́ Test kankan. Ìgbà yẹn ti lọ. Ní oṣù keje 2025, ní Sabina Park ní Jamaica, Ọsirélíà lé gbogbo wọn jáde lórí rọ́ọ̀nù 27. Ẹni méje ò rí ẹyọ kan. Àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn sì ti ṣiṣẹ́ takuntakun: wọ́n ti dá Ọsirélíà dúró sí 121. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbátì ni ilé ti wó.

Àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ ti ń wá ojútùú kí ọjọ́ yẹn tó dé. Wọ́n fi Roston Chase ṣe balógun nígbà tó ti lé lọ́dún méjì tó gbá Test kẹ́yìn. Wọ́n jẹ́ kí Kraigg Brathwaite gbá Test ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní Grenada, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní èyí tó tẹ̀ lé e ní Jamaica. Òótọ́ ni pé kò rí rọ́ọ̀nù gidi kó jọ. Síbẹ̀, mo gbà pé àṣìṣe ni. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá ń fò bí ẹ̀tù, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró pẹ́ níwájú igi ni wọ́n nílò, iṣẹ́ tí Brathwaite sì ti ṣe fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá nìyẹn.

John Campbell wà lára àwọn oníbátì tó pàdánù lọ́jọ́ rọ́ọ̀nù 27 yẹn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pàá ló mú un jáde. Ká ní àwa la ń yan ẹgbẹ́ ní Sawaba, à bá ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò pa á rẹ́. Ní Delhi ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kó rọ́ọ̀nù 115 jọ lójú àwọn ajubọ́ọ̀lù Íńdíà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọjá ọgọ́rùn-ún nínú Test. Íńdíà ló borí, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ karùn-ún kí wọ́n tó rí i ṣe.