Ẹnu Tí Ó Sọ̀rọ̀ àti Etí Tí Ó Gbọ́: Ẹjọ́ Ìhàlẹ̀ Láàárín Tọkọtaya

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò fi òwe yìí kìlọ̀ fún láti kékeré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Nígbà tí ẹyin bá fọ́ tán, ta ni kí a bi léèrè? Ṣé ẹni tí ẹyin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú ni? Àbí ẹni tí omi ẹyin ta sí láṣọ ni kí a kọ́kọ́ wò?

Bí ọkọ bá bínú, tí ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ tí ó ní, "N ó pa ọ́ lónìí," gbogbo ará ilé ni yóò sáré jáde. Àgbà kan lè sọ pé ìbínú ni, ẹnu lásán ni. Àgbà mìíràn lè dáhùn pé ẹnu kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣe ibi ni ó ti kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Awuyewuye yìí ti pẹ́ nínú agbo ilé Yorùbá. Irú rẹ̀ kan náà ni ó gbéra láti inú ìgbéyàwó tí ó dàrú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀, níbi tí àwọn adájọ́ 9 ti ń jókòó.

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀ràn kàn, Anthony Elonis, ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn fún nǹkan bí ọdún 7, kó jáde kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké 2 tí wọ́n bí. Ọkùnrin yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé rẹ̀ lórí Facebook, níbi tí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ti lè kà á. Ó fún ara rẹ̀ ní orúkọ olórin, ó sì ń to ọ̀rọ̀ náà bí orin rap, irú orin tí wọ́n máa ń fi ẹnu wí kíákíá tẹ̀lé ìlù. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń ṣàpèjúwe bí òun yóò ṣe ṣe ìyàwó òun léṣe títí dé ojú ikú. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀gá rẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí ó gbé síbẹ̀ nípa ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ó gba àṣẹ ààbò ní kóòtù sí ọkọ rẹ̀. Dípò kí àṣẹ náà pa ọkùnrin yìí lẹ́nu mọ́, ṣe ni ó fi ìwé kóòtù ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó béèrè nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bóyá bébà náà nípọn tó láti dá ọta ìbọn dúró. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ nípa yíyin ìbọn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ti ìjọba àpapọ̀ sì lọ bá a nílé láti wádìí ọ̀rọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ikú mọ́ òun náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ni wọ́n fi ọwọ́ òfin mú un.

Ẹ̀sùn 5 ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Nílé-ẹjọ́, ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí pé ẹ̀rù ẹ̀mí òun àti ti àwọn ọmọ òun ba òun gidigidi. Elonis ní tirẹ̀ sọ pé orin ni òun ń kọ, pé òun ń fi tu ara òun nínú ni, àti pé òun kò ní in lọ́kàn láti ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Adájọ́ sọ fún àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà pé kò di dandan kí wọ́n mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Bí ó bá ti jẹ́ pé ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò mọ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kà á sí ìhàlẹ̀ gidi, ó tó. Wọ́n dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 4, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 44.

Elonis pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kóòtù àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ọ fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 2013. Ó tún gbé e lọ sókè, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2014. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n dá a. John Roberts, olórí àwọn adájọ́, ni ó kọ ìdájọ́ náà, adájọ́ 6 sì fara mọ́ ọn pátápátá. Ohun tí ó sọ ni pé òfin tí yóò ju ènìyàn sẹ́wọ̀n kò gbọdọ̀ fi òye ẹlòmíràn nìkan wọn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wo ọkàn ẹni náà gan-an. Wọ́n fagi lé ìdálẹ́bi náà, wọ́n sì dá ẹjọ́ padà sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí síbẹ̀. Adájọ́ Samuel Alito ní bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ òun dẹ́rù bani, tí kò sì bìkítà, ẹ̀bi rẹ̀ ti tó. Adájọ́ Clarence Thomas kò tilẹ̀ fara mọ́ ìdájọ́ náà rárá. Ní tirẹ̀, bí ènìyàn bá ti mọ ọ̀rọ̀ tí òun ń sọ, tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sí àwáwí mọ́. Nígbà tí ẹjọ́ padà dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní ọdún 2016, àwọn adájọ́ ibẹ̀ wo ẹ̀rí, wọ́n sì rí i pé Elonis mọ̀ dájúdájú pé wọn yóò ka ọ̀rọ̀ òun sí ìhàlẹ̀. Ìdálẹ́bi náà sì dúró. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó ti ìpínlẹ̀ Colorado wá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lè dẹ́rù ba ẹlòmíràn, tí ó sì kọ etí dídi sí i, kò ní lè sá mọ́.

Bí a bá gbé ẹjọ́ yìí sórí ìwọ̀n àṣà Yorùbá, ohun àkọ́kọ́ tí yóò hàn ni pé èdè wa ti ya ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára etí. Ẹni tí ó ń lérí léka, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣì wà. Ó lè jẹ́ ariwo lásán. Síbẹ̀, ìlérí kan náà ni orúkọ ohun tí ènìyàn ti pinnu láti mú ṣẹ, nítorí náà ni àgbà kì í fi ojú kékeré wo ẹni tí ń lérí. Ẹni tí ó ń dúnkookò mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ti kọjú sí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí ìdẹ́rùbà, ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́. Inú ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀rù ti jókòó, ara ẹni tí ó gbọ́ sì ni ẹ̀rù ń bà lé. Ohun tí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ìwé ṣàlàyé, èdè ti fi ọ̀rọ̀ 2 tàbí 3 là á sílẹ̀.

Àwáwí orin tí Elonis mú wá náà kò ṣàjèjì. Yorùbá mọ orin tí ó ní ìyọ̀ǹda. Àwọn àgbà a máa wí pé ọba kì í pọ̀kọrin. Ní ọjọ́ ọdún Òkè'bàdàn ní Ìbàdàn, orin èébú tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ní ọjọ́ mìíràn a máa gba ìgboro kan. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, olórin a máa tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ síta láìfi bò. Nínú agbo ilé pẹ̀lú, àwọn orogún a máa fi orin pòwe mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda wọ̀nyí ní ààlà. Ọdún ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní ojúde tí wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo ìlú sì ni ẹlẹ́rìí. Ìwà ni orin náà ń bá wí, kì í wá ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ tí ó ń kọrin ikú sí i, tí ó ní ẹ̀fẹ̀ ni òun ń ṣe, wọn yóò bi í léèrè pé ọdún wo ni ìlú ń ṣe.

Ohun kejì ni pé àṣà kò gbà pé ìhàlẹ̀ fúyẹ́ nítorí pé inú ẹbí ni ó ti wáyé. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Àlejò tí ó bá ń halẹ̀ kò mọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọkọ mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ó mọ ìgbà tí ìyàwó ń ti ọjà dé, ó mọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ kan náà ṣe wúwo lẹ́nu ẹni ilé ju bí ó ti wúwo lẹ́nu ará òde lọ.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́, obìnrin náà a kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé baba rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ ní kí ó fi ẹ̀rí hàn pé ọkọ òun ní in lọ́kàn láti pa òun. Ẹ̀rù tí ó bà á tó láti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ìdílé ọkọ yóò wá, tí wọn yóò jókòó ti àwọn àgbà ìdílé ìyàwó. Nígbà náà ni wọn yóò tó gbọ́ tẹnu ọkọ, nítorí àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn yóò bi í ní ọ̀rọ̀ tí ó sọ gan-an, wọn yóò bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti kan obìnrin náà rí. Bí ó bá jẹ̀bi, yóò dọ̀bálẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò sì dúró fún un. Bí aburú bá tún ṣẹlẹ̀, gbogbo ìdílé ni ojú yóò tì.

A kò gbọdọ̀ fi ẹwà àṣà bo àbùkù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti dá padà sí ilé tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, nítorí pé wọ́n ní kí ó ṣe sùúrù nítorí ọmọ. Àwọn tí ó ń wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́ a máa fi òwe náà dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí kò wá ọ̀rẹ́ mọ́, tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí nìkan ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ayé sì ti yí. Nínú yàrá tí tọkọtaya ń gbé ní ìlú ńlá, kò sí baálé tí yóò gbọ́ ariwo. Orí tẹlifóònù ni ìhàlẹ̀ mìíràn ń gbà wọlé lóru, kò sì sí ìdílé tí ó dúró fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́.

Nítorí èyí ni òfin fi wà. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ní abala 323 tí ó sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwé ìhàlẹ̀ ikú ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ààbò lórí ìwà ipá inú ilé ní ọdún 2007, èyí tí ó fún kóòtù lágbára láti fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní àṣẹ ààbò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdájọ́ Elonis, ni òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn di òfin ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti ṣe tiwọn láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ẹjọ́ Elonis kò ju èyí lọ: ìbéèrè 2 ni ìhàlẹ̀ ń bí, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ìyà jẹ ènìyàn, ó tọ́ kí a wádìí ọkàn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba ọdún 6, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ yìí ṣe gbà á láti 2010 dé 2016. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ dáàbò bo ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rù rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Obìnrin Pennsylvania yìí kò dúró de Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kí ó tó gba àṣẹ ààbò rẹ̀. Ọmọbìnrin Yorùbá tí ó sá wọ ilé baba rẹ̀ kò dúró de ìpàdé àwọn àgbà. Kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó jókòó láti béèrè ẹni tí ó fi ilẹ̀kùn ilé adìẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí.