Ṣé O Mọ̀? Ta Ló Láṣẹ Lórí Áàpù?

Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, títí dé Ìgàndo, ọ̀pọ̀ ará Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó ló ń jẹun lórí áàpù tí kì í ṣe tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2014 ni Uber, áàpù tí èrò fi ń pe ọkọ̀, dé Èkó? Taxify, áàpù bíi tirẹ̀, dé ní 2016, ó sì di Bolt ní 2019. Awakọ̀ ló ń wá ọkọ̀, òun ló ń ra epo, àmọ́ ilé-iṣẹ́ ló ń dá owó lé ìrìn àjò.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Uber gé ìdá 40 nínú 100 kúrò nínú owó ọkọ̀ l'Ékòó? Inú èrò dùn, awakọ̀ sì fárígá.

Àmọ́ ṣé o mọ̀ pé lórí inDrive, áàpù ọkọ̀ mìíràn, èrò àti awakọ̀ lè ná owó ọkọ̀ bí ẹni ń ná tòmátì lọ́jà Ìkòtún?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń tan áàpù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Agbára wọn nìyẹn: ilé-iṣẹ́ tó bá ni wọ́n lára jù, wọ́n á pa áàpù rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìdarí ilé-iṣẹ́ náà ní oore tirẹ̀? Ẹni tó ń lọ sí Ìgàndo lóru mọ orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ kó tó wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ l'Ékòó da ẹjọ́ àwọn awakọ̀ tó ní òṣìṣẹ́ Uber àti Taxify làwọn nù? Àmọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá awakọ̀ Uber láre: ìsinmi olówó tọ́ sí wọn, torí ilé-iṣẹ́ ló ń dá owó, òun náà ló ń ṣòfin.

Ṣé o mọ̀ pé AUATON, ẹgbẹ́ awakọ̀ orí áàpù, yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo? Nígbà náà, Uber ń gba ìdá 25 nínú 100 lórí ìrìn àjò, Bolt ń gba 20.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ yìí kan oní-POS, aṣojú báńkì, náà? Ìlànà CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ọdún 2013 kò gba kí báńkì so aṣojú mọ́ ara rẹ̀ nìkan. Ìlànà oṣù Kẹwàá ọdún 2025 yí i padà: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣojú gbọ́dọ̀ bá ṣe. Ó rọrùn láti mú oníjìbìtì báyìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì ilé-iṣẹ́ náà bá dákú, ọjà aṣojú dúró.

Kí onílé-iṣẹ́ ṣòfin tó ń dáàbò bo èrò, àmọ́ kó bá awakọ̀ jókòó kó tó fọwọ́ kan owó wọn. Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù, ka àdéhùn dáadáa kí o tó gbà á, sì wọ ẹgbẹ́. Ohùn ẹnì kan kì í dé etí ilé-iṣẹ́.