Ayò Ìdíje Láàárín Ọ̀rẹ́

Àwọn ọ̀rẹ́ wa méjì kan ní Ìpetumodù kò kí ara wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ayò ni. Ní ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde ni a pe ara wa jọ pé kí a ta ayò ìdíje, kí a lè mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀ta láàárín wa. A kò jókòó ṣe òfin kankan. Nígbà tí ayò ń parí lọ, ilé ẹnì kan ṣófo, kò ku ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní dandan ni kí ẹnìkejì ta ọmọ sí òun. Ẹnìkejì ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé bàbá tòun. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ọpọ́n sì dojú dé.

Àwa tí a pè wọ́n jọ ni a jẹ̀bi. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ èyí fún yín.

Gbogbo wa ni a mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ilé méjìlá ni, mẹ́fà sí ọ̀tún, mẹ́fà sí òsì. Ọmọ mẹ́rin wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Bí ọmọ tí a sọ kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, a ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ 25 ti borí. Bí ó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni. Èyí kò ní ìjà nínú. Àwọn ohun kéékèèké ni ó ń dá ìjà sílẹ̀.

Ṣé ẹ ti mọ̀wé kọ? Ó yá, ẹ lò ó. Ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kọ òfin yín sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọpọ́n. Bí ilé ẹnì kan bá ṣófo, ṣé dandan ni kí ẹnìkejì ta ọmọ sí i? Bí ènìyàn bá lè jẹ gbogbo ọmọ tí ó kù lọ́dọ̀ ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ó lè jẹ ẹ́? Bí odù bá yí ọpọ́n po, ṣé a ó fo ilé tí a ti kó o? Ẹni tí ó ti kó ọmọ sọ́wọ́, ṣé ó lè dá a padà? Ẹni tí ó wá láti Mọ́rọ̀ tàbí Ẹdúnàbọ̀n lè ti kọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ìdáhùn tí ó bá wù yín ni kí ẹ mú, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo yín. Kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé kí ẹni tí ó bá pàdánù dìde kí ó máa lọ. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ta á bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ayò méje péré, ó parí. Ó yá kíá, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ràn rẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó wọkọ̀ wá láti Ilé-Ifẹ̀ yóò ta ẹyọ kan, yóò wá jókòó máa wo ojú ènìyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín bá ara yín ta. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́fà, ẹni kìíní yóò bá márùn-ún ta, ẹni kejì yóò bá mẹ́rin tí ó kù ta, lẹ́yìn náà mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 15. Ẹ ta á ní ẹ̀ẹ̀méjì méjì kí olúkúlùkù lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: ó di 30. Pẹ̀lú ọpọ́n mẹ́ta, bí a bá fi ogún ìṣẹ́jú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà.

Ẹnì kan lè ní ẹni tí ó kọ́kọ́ ta ni ó rọ̀ lọ́rùn. Ayò yìí kì í ṣe ti àwa nìkan. Oware ni wọ́n ń pè é ní Gánà. Ní ọdún 2002, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, John Romein àti Henri Bal fi kọ̀ǹpútà wo gbogbo ọ̀nà tí irú ayò yìí lè gbà, ó lé ní 889 bílíọ̀nù. Wọ́n rí i pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni yóò já sí. Ṣùgbọ́n àwa a máa ṣì í ta, àbí? Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá borí, àmì méjì. Ọ̀mì, ọ̀kan fún olúkúlùkù. Ẹni tí ó pàdánù, òdo. Kí ẹni tí kò ní ta ayò rárá máa kọ ọ́ ní ojú gbogbo ènìyàn, kí ó sì ka ọmọ 48 kí ayò kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni méjì bá jọ ní iye kan náà lókè, kí wọ́n ta ọ̀kan sí i.

Ní ti àwọn òǹwòran, kò sí ẹni tí ó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹ má sì dán an wò. Kí wọ́n yin ọ̀ta, kí wọ́n fi ọ̀pẹ ṣẹ̀sín. Adùn ayò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá nawọ́ sí ilé tí ó yẹ kí ènìyàn kó, ẹ ní kí ó lọ jókòó lọ́nà jíjìn.

Ẹ má jẹ́ kí a fi ayò ta tẹ́tẹ́. Kí olúkúlùkù dá owó díẹ̀, kí ẹ fi ra obì àti ohun mímu, kí ẹ sì fi ìyókù ra ẹ̀bùn. Ní tiwa, a ra ìkòkò kan lọ́wọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ìlú wa.

Nígbà tí a tún pe ara wa jọ, àwọn ọ̀rẹ́ wa méjèèjì jókòó sí ọpọ́n kan. Ilé ẹnì kan tún ṣófo. Akọ̀wé ka òfin kẹta jáde, ẹnìkejì sì ta ọmọ sí i láìjanpata. Kò sí èyí tí ó gba ìkòkò nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ń bú ẹni tí ó gbà á títí wọ́n fi dé ilé.