Ìwé Ara Mọ́tò àti Ìwé Ara Ògiri: Ọnà Ni Tàbí Ìbàjẹ́?

Ìfáàrà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá ìwé lára ògiri ẹ̀yìn ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èédú ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá sì ni: OMI O SI. OGA WE. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣì í kà nínú gbogbo wa, nítorí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kànga ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbẹ. A wá ẹni tí ó kọ ọ́ rí. A nà án ní ẹgba mẹ́fà, a sì fún un ní ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì kí ó fi kun ògiri náà padà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó dá ẹjọ́ náà, n kò sì sọ ohunkóhun.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni mo ń yẹ ìwé àròkọ kíláàsì rẹ̀ wò. Ojú ìwé mẹ́ta ni ọmọ náà kọ lórí ‘Ọjọ́ Kan Tí N Kò Lè Gbàgbé’. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò tí ì kọ rí. Mo fún un ní máàkì mẹ́rìnlá nínú ogójì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dà mí láàmú. Ẹ tún wo ohun tí ó wà lára ògiri: gbólóhùn méjì tí àpapọ̀ wọn kò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, tí ‘omi’ dojú kọ ‘ọ̀gá’, tí ‘ò sí’ dojú kọ ‘wẹ̀’, tí kò sì sí ‘ṣùgbọ́n’ tàbí ‘síbẹ̀’ láàrin wọn. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni yóò fi ‘ṣùgbọ́n’ náà síbẹ̀, òun náà ni yóò sì béèrè ìbéèrè tí ó kù. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé ewì ni a ti rí irú rẹ̀, ńṣe ni à bá máa fi ọ̀bẹ̀lẹ́bẹ́lẹ́ tú u fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

N kò sọ pé kí ọmọ máa kọ nǹkan sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ o. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìbéèrè méjì ni a máa ń lọ́ mọ́ ara wọn. Èkíní ni: ta ni ó ni ògiri? Èkejì ni: ṣé ọnà ni ohun tí a kọ síbẹ̀? Ìdáhùn sí ọ̀kan kò dáhùn èkejì. Ìgbìmọ̀ wa dáhùn èkíní, a sì ṣe bí ẹni pé a ti dáhùn méjèèjì.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lára ọkọ̀

Ibi tí ọnà yìí ti hàn sí gbangba jù ní ìlú wa ni ara ọkọ̀ èrò. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé bọ̀lẹ̀kájà, ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà fi pákó kan ara rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì máa ń wà lára pátákó iwájú, lókè orí awakọ̀. Mólùè tẹ̀ lé e ní Èkó. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán lójú títì. Dáńfó ni ó kù tí ó ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Àwọn onímọ̀ kò fi ojú fo ọ̀rọ̀ yìí dá: O. B. Lawuyi kọ nípa àwọn ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ àwọn awakọ̀ takisí Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa ní 1988. Ojú ìmọ̀ ìgbé ayé àwùjọ ni òun fi wò ó. Ojú olùkọ́ èdè ni èmi fẹ́ fi wò ó.

Ohun tí ó kọ́kọ́ hàn sí ni ni pé ìdajì ni wọ́n sábà máa ń kọ. IYA NI WURA: wọn kò kọ ti baba tí ó jẹ́ jígí. IGBA O LO BI ORERE: wọn kò kọ pé ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. EYIN LOHUN: wọn fi fífọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń kà á. Ẹnìkan lè sọ pé àyè ni kò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni, pátákó kò gùn. Ṣùgbọ́n pátákó kan náà ni ó gba orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀, àdúrà, àti àwòrán ẹyẹ méjì. Mo gbà pé àṣà wa ni wọ́n tẹ̀ lé, pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tí ó parí òwe náà nínú ara rẹ̀ ti di alábàáṣepọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí kò sì lè parí rẹ̀ mọ̀ pé wọn kò bá òun sọ̀rọ̀.

Ìlò kejì tún wà fún ìdajì yìí. Ẹni tí ó kọ ENIYAN SORO sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń bá wí ń gbé ní ojúlé kejì. Bí àwọn baba wa ti ń sọ ajá ní orúkọ nìyẹn. Ẹni tí ó pe ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, tí ó ń ké e tantan ní ìrọ̀lẹ́ kí aládùúgbò lè gbọ́, ajá ni ó ń pè. Bí aládùúgbò bá bínú, òun ni ó jẹ́ ajá. Ọgbọ́n àfitọ́ka yìí kan náà ni ó gun orí táyà.

Mo tún ṣàkíyèsí pé ipò ọ̀rọ̀ lára ọkọ̀ kì í ṣe ṣàkàlà. Iwájú ni àdúrà àti ọpẹ́ sábà máa ń wà. Ẹ̀yìn ni ti ìkìlọ̀ àti yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí kò rí àyè kọjá, ni yóò kà á pẹ́ jù. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó ni mo ti kọ́ èyí, n kò kà á nínú ìwé.

Àwọn tí wọn ń fi ọwọ́ kọ ọ́ ni à ń pè ní átíìsì. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ lẹ́nu ọ̀gá ni, tí a sì ń gba òmìnira lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró wò wọ́n yóò rí i pé wọn a kọ́kọ́ fi ẹfun fa ìlà méjì tín-ínrín, wọn a ka lẹ́tà, wọn a pín àyè, kí wọn tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi àwọ̀ mìíràn ṣe òjìji sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó lè yọ síta. Awakọ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀, átíìsì ni ó ni ìrísí rẹ̀. Nígbà mìíràn pákó a sì dá sí i: mo rí ọkọ̀ kan tí férémù pín iwájú rẹ̀ sí méjì, tí ISE OLU wà lápá kan, tí WA sì dá dúró lápá kejì. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti apá ọ̀tún yóò kọ́kọ́ rí WA, yóò rò pé wọ́n ń pe òun ni.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń bínú. Ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní láti 1974, síbẹ̀ AIYE àti ENIA kò kúrò lára ọkọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. A ṣì ń rí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì ohùn kò sí rárá. OWO lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ ìlú Ọ̀wọ̀ tí ọkọ̀ ń lọ. Èmi náà ti fi báírò pupa ọkàn mi fa igi sí wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ìlú gẹ́gẹ́ bí ìwé, ẹ̀rí ni àwọn àṣìkọ yìí jẹ́: wọ́n ń fi hàn wá iye àmì tí òǹkàwé Yorùbá lè ṣe aláìní kí ó sì tún mọ ohun tí a wí, àti ibi tí kò ti lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ó kọ IYA NI WURA gbẹ́kẹ̀ lé òwe láti gbé ohùn fún òun. Bí kò bá sí òwe lẹ́yìn rẹ̀, ìyà ni ìbá jẹ́ wúrà.

Ògiri, ẹni tí ó ni ín, àti ẹni tí ó kùn ún

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rọrùn nítorí pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ń sanwó fún átíìsì. Ògiri ni ọ̀rọ̀ ti ń dìjà. Bẹ́ẹ̀ ni kíkun ògiri ìta kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nígbà ọdún rẹ̀; akunlé ni à ń pe àwọn tí wọn ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Funfun, pupa àti dúdú ni wọ́n fi ń ṣe ọnà sí i, orí iṣẹ́ èṣí ni wọ́n sì ń kun tuntun lé. Ní Òṣogbo, Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko àti ènìyàn sára ògiri, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú Igbó Òṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé ní 2005. Kò sí ẹni tí ó pe èyíkéyìí nínú wọn ní ìbàjẹ́.

Ìlú tí ìbéèrè wa méjèèjì ti dé ilé-ẹjọ́ ni New York. Níbẹ̀, ní 1971, ìwé ìròyìn New York Times kọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ TAKI 183 káàkiri ìlú, sára ògiri àti inú ọkọ̀ ojú irin. Taki ni ìnagijẹ rẹ̀, 183 sì ni nọ́ńbà òpópónà àdúgbò rẹ̀: orúkọ àti agboolé, bí a ti ń fi orúkọ àti ilé mọ ènìyàn níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e. Ìjọba ìlú náà ná owó gọbọi láti nu ìwé wọn kúrò, ó sì ń mú wọn.

Ní àdúgbò Queens ní ìlú kan náà, ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan wà tí a ń pè ní 5Pointz. Ẹni tí ó ni ilé náà, Jerry Wolkoff, gbà kí àwọn ayàwòrán máa kun ara rẹ̀. Láti 2002, ọ̀kan nínú wọn, Jonathan Cohen, ni ó ń pín ògiri fún wọn. Ó ní ibi tí àwòrán ti lè pẹ́, ó sì ní ibi tí ẹlòmíràn lè kun tirẹ̀ lé lórí láìpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ti Òrìṣà Ìkirè. Nígbà tí ó yá, onílé fẹ́ wó ilé náà láti kọ́ ilé gbígbé. Ní oṣù kọkànlá 2013, lóru, ó kun gbogbo rẹ̀ ní funfun. Mo rántí ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Àwọn ayàwòrán mọ́kànlélógún pè é lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin 1990 kan tí kò jẹ́ kí a ba iṣẹ́ ọnà tí ó gbayì jẹ́ bí ó ti wù wá. Ní 2018, Adájọ́ Frederic Block dájọ́ pé 45 nínú àwọn iṣẹ́ náà gbayì tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí onílé san 150,000 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 6.75 dọ́là. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2020. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ẹjọ́ náà ni pé ilé-ẹjọ́ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn pé Wolkoff kọ́ ni ó ni ògiri. Síbẹ̀, níní tí ó ni ín kò sọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ di ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa: àṣẹ onílé ni wọ́n fi kun ibẹ̀. Ẹjọ́ náà kò fún ẹnikẹ́ni lágbára láti lọ kun ògiri ológiri.

Ní Èkó, òfin ọdún 2006 ni ó dá àjọ LASAA sílẹ̀ láti máa ṣe ètò pátákó ìpolówó. Ẹni tí ó bá lówó yóò san owó rẹ̀, yóò sì gbé àwòrán ìgò ọtí tí ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ afárá. N kò bá òfin jà. Ìlú kò lè wà láìní ètò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò lówó bá kọ AJA NIKAN LO N TO SIBI sára ògiri tí gbogbo ènìyàn ti sọ di ilé ìtọ̀, èmi rí i pé ó mọ ìlò èdè ju ẹni tí ó gbé ìgò dúró lọ. Kò sí ‘má ṣe’ nínú rẹ̀. Ó kàn sọ irú ẹ̀dá tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ yan èyí tí ó fẹ́ jẹ́.

Nínú kíláàsì

Láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí gáréèjì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, ní méjì méjì. Wọn a kọ ohun tí wọ́n bá rí gẹ́lẹ́ bí ó ti wà, wọn a kọ ipò rẹ̀ lára ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó jọ fi àmì ohùn sí i nínú kíláàsì, tí a ó sì parí èyí tí ó jẹ́ ìdajì òwe. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ tètè ṣe é. Sítíkà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti ń gba ipò átíìsì, sítíkà kan náà ni a sì ń rí lára ogún ọkọ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin méjì mú E WO MI wá láti ẹ̀yìn dáńfó kan. Àwọn kan nínú kíláàsì ní ‘Ẹ wò mí’ ni, pé awakọ̀ ń ṣe fáàrí. Àwọn mìíràn ní ‘Ẹ wọ̀ mí’ ni, pé ọkọ̀ ni ó ń pe èrò. A jiyàn títí agogo fi lù. Mo ní kí wọ́n padà lọ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ náà. Wọ́n rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé ná.