Èlé àti òdiwọ̀n owó ní Ilé-ẹjọ́ Gbèsè Kékeré ti Ìpínlẹ̀ Èkó

Ilé-ẹjọ́ Gbèsè Kékeré jẹ́ ẹ̀ka ilé-ẹjọ́ Májísíréètì tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 kí ẹjọ́ gbèsè lè tètè parí. Ìlànà ọdún náà fi òdiwọ̀n gbèsè sí ₦5,000,000, láìka èlé àti ìnáwó ẹjọ́ mọ́ ọn.

Bí àpẹẹrẹ, bí ọlọ́kọ̀ àjàgbé kan ní Àpápá bá jẹ oníṣòwò Ajégúnlẹ̀ ní gbèsè ₦4,800,000, tí èlé tí wọ́n jọ fẹnu kò sí sì sọ ọ́ di ₦5,300,000, ilé-ẹjọ́ náà ṣì lè gbọ́ ọ, nítorí ojú owó ni òfin ń wò. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjáfara onígbèsè kò lè lé olówó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ilé-ẹjọ́ Gíga.