Ìpele Ìnira Tó Yẹ Nínú Géèmù Ìtàn àti Ọgbọ́n Ogun: Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Ẹni tó ń gbé ní àdúgbò Baṣọ̀run ní Ìbàdàn ń gbé nínú orúkọ oyè. Baṣọ̀run ni oyè tí Olúyọ̀lé wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1847, òun náà sì ni Ògúnmọ́lá jẹ láàrin ọdún 1865 sí 1867. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba àdúgbò náà kọjá lójoojúmọ́ má mọ ohunkóhun nípa àwọn méjèèjì, nítorí pé láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àlàfo yìí fi wà, géèmù orí kọ̀ǹpútà kò dúró. Age of Empires, Civilization àti Europa Universalis ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n ń sọ ìtàn àwọn ìjọba ayé fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti iná mànàmáná tí yóò fi tàn án.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò dà bí ọ̀rọ̀ eré lásán, ṣùgbọ́n ó kan olùkọ́ ìtàn gbọ̀ngbọ̀n: ìpele ìnira wo ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀ yàn? Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni géèmù ti máa ń béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ ta á fẹ́ kí ó rọrùn, kí ó mọ níwọ̀n, tàbí kí ó le. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ìpele tó yẹ ni èyí tí ẹni tó pàdánù níbẹ̀ yóò ti lè tọ́ka sí ìpinnu tó mú un pàdánù. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ibi tí líle géèmù náà ti ń wá.

Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ́ Lórí Ọpọ́n

Ọ̀rọ̀ ìpele kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá bá àwọn tó ń ta ayò níbi tí wọ́n jókòó sí yóò kí wọn pé, "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́ o." Èsì tí wọn yóò fún un ni pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dójú àmì, ọ̀pẹ́ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dá. Ìkíni yìí ti pín àwọn òǹtayò sí ìpele méjì, ó sì ti sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ọpọ́n kì í ṣe ojúsàájú. Ihò 12 ló wà lórí rẹ̀, 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń bẹ nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 48. Bí ọ̀ta ti lè gbówọ́ tó, ọmọ 24 náà ló ní ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí èyí tó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Gbogbo ìnira tí ọ̀pẹ́ bá pàdé, láti orí ọ̀ta ló ti wá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pa á, ó lè fi ìka tọ́ ihò tí kò yẹ kí ó ti kó. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì rí i, àwọn òǹwòran kò ní ṣàì sọ fún un, ìbáà jẹ́ pé ó béèrè tàbí kò béèrè.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti sọ ohun tó jọ èyí ní ọ̀nà tiwọn. Lev Vygotsky, onímọ̀ ọmọ Rọ́ṣíà tó kú ní ọdún 1934, ṣàlàyé pé ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wáyé ni ibi iṣẹ́ tí ọmọ kò lè dá ṣe, ṣùgbọ́n tí ó lè ṣe bí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ bá ràn án lọ́wọ́. Nínú ìwé tí Mihaly Csikszentmihalyi gbé jáde ní ọdún 1975, ó fi hàn pé bí ìpèníjà bá ju agbára ènìyàn lọ, ìpayà ni yóò bá a. Bí agbára rẹ̀ bá sì ju ìpèníjà lọ, nǹkan náà yóò sú u. Àlàyé méjèèjì gbà pé ìnira gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọn kò dáhùn ni irú ìnira tó yẹ kó jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni géèmù ìtàn ti yàtọ̀ sí ọpọ́n ayò.

Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Fún Lẹ́bùn

Ọdún 1991 ni Civilization kọ́kọ́ jáde. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ kẹfà, tó jáde ní ọdún 2016, ìpele 8 ló wà, oyè sì ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Settler, èyí tí í ṣe olùtẹ̀dó, ó kọjá lórí olóyè, ọmọọba, ọba àti ọba ńlá, títí dé Deity, òrìṣà fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ bí àwọn ìjòyè Ìbàdàn ṣe ń fi sùúrù gun àkàsọ̀ oyè láti orí Jagun títí dé Olúbàdàn yóò rẹ́rìn-ín sí oyè tí ènìyàn ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀.

Lórí ìpele Prince, kò sí ẹni tí géèmù ṣègbè fún. Láti ibẹ̀ lọ sókè, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bùn. Lórí Deity, àwọn olùtẹ̀dó kan ṣoṣo ni ènìyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí alátakò tí kọ̀ǹpútà ń darí yóò fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó pọ̀ ju ti ènìyàn lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ kò yí padà. Àpò rẹ̀ ló wú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lórí ìpele tó le jù nínú Age of Empires kejì ti ọdún 1999, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba ohun èlò tí kò ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí wọ́n tún géèmù yìí ṣe ní ọdún 2019, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní ètò tó dára jù, wọ́n sì mú ẹ̀bùn náà kúrò. Ẹni tó bá pàdánù níbẹ̀ lónìí pàdánù lọ́wọ́ alátakò tó tètè kó ilé jọ, tó sì tètè rán ọmọ ogun jáde. Èyí súnmọ́ ọ̀ta orí ọpọ́n ju ti àtijọ́ lọ.

Ewu tó wà nínú ìpele ẹlẹ́bùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò kéré. Ẹni tó bá pàdánù yóò gbà pé iye ènìyàn nìkan ló ń ṣẹ́gun, èyí tí ìtàn kò gbè lẹ́yìn rárá. Ẹni tó bá sì borí, àléébù ẹ̀rọ ló sábà máa ń fi borí: ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan ọmọ ogun kọ̀ǹpútà lọ síbi tí kò yẹ, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tà á ní ohun tí kò níye lórí. Kò sí ìkankan nínú ọgbọ́n wọ̀nyí tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí ìlú kan fi dìde tàbí tí ó fi wó.

Ọ̀yọ́ ní Ọdún 1444

Europa Universalis kẹrin, tí ilé iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní ọdún 2013, mú ọ̀rọ̀ náà dé ilé. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1444 ni ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn ìjọba tí ènìyàn lè yàn. Nínú géèmù yìí, yíyan orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ jẹ́ yíyan ìpele ìnira. Ẹni tó mú ilẹ̀ Faransé àti ẹni tó mú Ọ̀yọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́, kódà bí àwọn méjèèjì bá tẹ ìpele kan náà.

Títí di ọdún 2016, wọ́n pín àwọn ìjọba ayé sí ọ̀wọ́ ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ìjọba ìhà tiwa sì ń san iye tó ju ti Yúróòpù lọ fún ìmọ̀ kan náà. Ìnira ni èyí, ṣùgbọ́n kò hàn lójú ibi tí a ti ń yan ìpele. Orí ìbí ni wọ́n gbé e lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi ètò mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ìmọ̀ tuntun wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ó ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìjọba tó bá sì tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe lè tètè fà á mọ́ra. Ọ̀yọ́ ṣì le í ta. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìdí tí ó fi le ti hàn gbangba: jíjìnnà síra ni. Ọmọ tó ta ti àkọ́kọ́ lè rò pé ìran rẹ̀ lọ́ra láti inú ìṣẹ̀dá. Ẹni tó ta èkejì lè béèrè nípa ọ̀nà àti òwò. (Pé Yúróòpù ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ wọ̀nyí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tó yẹ kí olùkọ́ bá géèmù náà jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ó ṣe da gbogbo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ orúkọ ẹ̀gàn kan ṣoṣo.)

Ó yẹ kí a rántí pé Ọ̀yọ́ tòótọ́ pàdánù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Nupe lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ààfin sì wà ní Ìgbòho fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà. Ọ̀yọ́ tó padà náà ni ó wá fi ẹṣin di alágbára. Lórí ìpele tó rọrùn jù, ẹni tó mú Ọ̀yọ́ kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò sì ní mọ ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń wá lọ sí Ìgbòho.

Ìnira Tí Ipò Ń Mú Wá

Ìbàdàn kò lè sí nínú géèmù yìí, nítorí pé ọdún 1821 ni ó parí sí, nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìbàdàn ló fi ìnira tòótọ́ hàn jù. Ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí apá kò ká ní pápá ni Ìbàdàn ṣẹ́gun ní etí igbó. Kò sí ẹni tó fún Ìbàdàn lẹ́bùn. Ilẹ̀ ló bá wọn jà, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n kọlù.

Ogun Kírìjì yàtọ̀. Láti ọdún 1877 ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde ní ọdún 1878, Ìlọrin àti Ifẹ̀ náà sì dara pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn dojú kọ, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ ń rí ìbọn ìgbàlódé gbà láti Èkó. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Bí ènìyàn bá fẹ́ sọ èyí di géèmù, kò nílò láti fi ọmọ ogun kún ti ọ̀tá. Ọ̀nà tó dí àti ìbọn tí kò dọ́gba ti tó.

Nínú Kíláàsì

Fún olùkọ́ tó fẹ́ lo géèmù wọ̀nyí, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni ìpele tí kò ṣègbè fún ẹnikẹ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdánù, kí ó kọ ọdún àti ìpinnu tó rò pé ó fà á sílẹ̀. Bí ó bá rí ìpinnu náà kọ, ìpele náà bá a mu, kí ó tún un ta. Bí ohun tó kọ kò bá ju pé ọ̀tá pọ̀ lọ, kí ó sọ ìpele kalẹ̀. Bí ó bá sì borí láìmọ bí ó ṣe borí, kí olùkọ́ má sáré gbé e lọ sórí ìpele ẹlẹ́bùn. Orílẹ̀-èdè tí ipò rẹ̀ burú jù ni kí ó gbé fún un, láti Faransé sí Ọ̀yọ́.

Títa géèmù yìí láti 1444 dé 1821 gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì sí kíláàsì tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ lè fi mọ sí bí ọgọ́ta ọdún àkọ́kọ́, kí ó tọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ kan náà pamọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n máa gbé ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀ lóòrèkóòrè nítorí iná tó lè lọ nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tẹ́ ibi tí Ọ̀yọ́ kálukú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn Ìgbòho, kí àwọn tó kù nínú kíláàsì sì ṣe iṣẹ́ òǹwòran.