Ọ̀RÁ INÚ Ẹ̀JẸ̀ ÀTI ABỌ́ ÌṢÍNU WA

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ abọ́ oúnjẹ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, òórùn òróró gbígbóná ni yóò gba gbogbo àdúgbò. Àkàrà ń bẹ nínú agbada, dùndú ń bẹ níbẹ̀, ẹja díndín ń bẹ níbẹ̀. Ìlú Ìkirè sì rèé, gbogbo awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ló mọ̀ ọ́n nítorí dòdò: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó fẹ́ẹ̀ dúdú. A kò wá síbí láti ba oúnjẹ ìlú wa jẹ́ o, àwa náà ń jẹ ẹ́. Ohun tí a bá wá ni pé kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ lè wà láyé láti jẹ ẹ́ ní èèmíràn.

Ní ọdún kan, kété lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, baba kan nínú ìjọ wa mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọ̀ wá wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti ga. Ó ní, "Ẹ̀yin àfáà, kò síbi tó ń dùn mí. Mò ń sùn, mò ń jí, mo gba ààwẹ̀ mi pé, mi ò sì sanra. Báwo ni wọ́n ṣe wá ní ọ̀rá kún inú ẹ̀jẹ̀ mi?" Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá ní kí ọkàn wa balẹ̀, òun ti da gbogbo epo pupa inú ilé nù, òun ti ra òróró tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn lòun fi ń dín gbogbo nǹkan báyìí.

Tọkọtaya yìí kò ṣe àfojúdi, ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́dọ̀ aráàlú ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni wọn ò tí ì mọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀rá yìí kì í dunni. Ìkejì, òróró tí kò ní kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù nínú ṣì lè gbé e sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Ìkẹta, ebi ọ̀sán nìkan kò fọ̀ ọ́ kúrò.

KÍ NI Ọ̀RÁ YÌÍ GAN-AN?

Kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù kì í ṣe májèlé. Ohun kan tó dà bí ìda ni, ara kò sì lè ṣe aláìní in. Òun ni ara fi ń ṣe òrónró tó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ẹ̀dọ̀ inú wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló ń ti inú oúnjẹ wọlé tààrà. Ìdí rèé tí ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà fi lè ní in ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé omi àti òróró kì í pò pọ̀. Nítorí náà, ọ̀rá kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àfi kó ní aláàárù tí yóò rù ú. Aláàárù méjì ni ẹ ó máa rí nínú ìwé àyẹ̀wò. Èkíní ni LDL. Ó ń ru ọ̀rá láti ẹ̀dọ̀ lọ káàkiri ara. Èkejì ni HDL, ó ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù, ó ń rù ú padà sí ẹ̀dọ̀. Ẹ fi ojú ọjà wò ó. Bí aláàárù tó ń kó ẹrù jáde bá pọ̀ ju ibi tí ẹrù ń lọ, ẹ̀bá ọ̀nà ni wọn yóò sọ ọ́ sí. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni ògiri òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.

Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ọ̀rá yóò máa wọnú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà yóò máa há sí i, fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, kò ní ibà, kò ní orí fífọ́. Lọ́jọ́ tí ibi tó wú náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí, yóò sì dí ọ̀nà pátápátá. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọkàn ló dí, ìkọlù ọkàn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Mélòó la ti sin nílùú yìí tí a ní wọ́n ta á lọ́fà ni? Mélòó ni opó tí wọ́n ń wò lójú burúkú nítorí pé ọkọ rẹ̀ jẹun alẹ́ tán tó sì ṣubú? A ò ní gbogbo ikú òjijì ni ọ̀rá fà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni láti di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀ nígbà tí a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ olóògbé wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí nígbà ayé rẹ̀.

Àyẹ̀wò nìkan ló ń fi í hàn. Bí ilé àyẹ̀wò bá kọ ọ́ ní mg/dl, kí àpapọ̀ rẹ̀ má tó 200. Bó bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n lò, kó má tó 5.2. Bó bá dé 240, tàbí 6.2, ó ti ga nìyẹn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí òbí rẹ̀ ní àrùn ọkàn láìtíì dàgbà, kí wọ́n má dúró de ìrora. Kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ÌDÍKÀN ÀTI INDIANAPOLIS

Ẹnìkan lè ní, "Àrùn òyìnbó lèyí, kò kan ọmọ Yorùbá." Ẹ gbọ́ èyí. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ló kọ́kọ́ ṣe olórí níhìn-ín títí ó fi di olóògbé ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó gbé e dé èbúté. Hugh Hendrie ni olórí lọ́hùn-ún. Wọ́n mú àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, àwọn tí a kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà.

Àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde ní 2001, wọ́n ní nínú 100 àgbàlagbà, ó lé díẹ̀ ní 1 tí àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìdíkàn, ó sì lé ní 3 ní Indianapolis. Wọ́n sì rí i pé kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn kéré sí ti àwọn ará ọ̀hún. Awọ dúdú kan náà, ilẹ̀ Áfíríkà kan náà, ẹ̀jẹ̀ wọn ò rí bákan náà. Àwọn olùwádìí tọ́ka sí oúnjẹ àti ọ̀nà ìgbé ayé: iṣu, àmàlà, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó ń rìn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ògùn ààbò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Ohun tó dáàbò bo àwọn baba wa wà nínú abọ́ wọn àti lẹ́sẹ̀ wọn. Bí a bá fi ìyẹn sílẹ̀, àwa náà yóò di ará Indianapolis ní Ìkirè níbí.

ÒRÓRÓ INÚ ÌGÒ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tó da epo nù. Lára ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹja ni kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù ti ń wá. Igi àti ewéko kì í ní in. Òróró ẹ̀pà kò ní in, epo pupa kò ní in, àdín náà kò ní in. Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ya òróró náà sọ́tọ̀ kúrò lára èyíkéyìí.

Ohun tó ń mú kí LDL pọ̀ ni irú ọ̀rá tó máa ń dì. Ẹ wo epo pupa láàárọ̀ ọ̀yẹ́, ẹ ó rí bó ṣe ń dì. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Àdín àti òróró àgbọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti òróró ẹ̀pà àti ti sóyà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ má da epo nù o! Ṣíbí epo kan nínú ìkòkò ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé yóò jẹ kì í ṣe ọ̀tá wa. Agbada tó kún fún epo lálaalẹ́ ni ọ̀tá. Bí ẹ bá sì fẹ́ dín nǹkan, ẹ lo òróró ẹ̀pà tàbí sóyà, kó mọ níwọ̀n. Òróró tó ti dúdú láti àná, ẹ má tún gbé e kaná.

Èyí tó burú jù ni òróró tí ilé iṣẹ́ fi ọgbọ́n sọ di líle, tó máa ń wà nínú àwọn bọ́tà kan àti àwọn ìpápánu kan. Ó ń gbé LDL sókè, ó sì ń fa HDL wálẹ̀. Òfin NAFDAC ti 2022 ní irú ọ̀rá yìí kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú 100 gíráàmù òróró.

BÍ ABỌ́ ÌṢÍNU ṢE LÈ RÍ

Ẹ fi omi àti dàbínù ṣínu, kí ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ, kí ẹ lọ kírun. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ fi dín àkàrà, ẹ fi se mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà kan náà ni, òróró inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ̀wà, ilá, ìgbá àti èso ní nǹkan kan tó ń yọ̀ nínú ìfun, tó ń dì mọ́ òrónró tó sì ń bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá fẹ́ ṣe òrónró mìíràn dípò rẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò ti lọ mú kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i bí ilá ṣe ń gba ilé?

Ẹ yọ awọ adìẹ kúrò, ẹ gé ọ̀rá ẹran dà nù, ẹ má fi ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ẹran ṣe ohun ojoojúmọ́. Ẹja ṣáwá àti títù dára, bí a bá sè é tàbí tí a yan án. Ohun mímu eléròjà dídùn náà, ẹ dín in kù. Ṣúgà àpọ̀jù máa ń di ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀. Dòdò Ìkirè ńkọ́? Ẹ jẹ ẹyọ kan tàbí méjì, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́hun gba jíjẹ àti mímu láàyè fún wa, àṣejù ló kọ̀. Ẹni tó fi ọ̀sán gbààwẹ̀ tó wá fi òru jẹ ìlọ́po méjì, ọ̀rá rẹ̀ kò ní gbọ́ pé ààwẹ̀ kọjá. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

ẸSẸ̀ TÍ A FI Ń RÌN

Kí ogun Òwu tó dé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Òwu àti Ifẹ̀ ló ń pàdé ní ọjà Àpòmù. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn wá pẹ̀lú ẹrù lórí. Lónìí, láti ojúlé dé mọ́ṣáláṣí, ọ̀kadà là ń pè.

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, ti ìrìn kíákíá tó ń mú èémí yára díẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Ó máa ń gbé HDL sókè díẹ̀, ó ń dín ọ̀rá ṣúgà kù, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Nínú ààwẹ̀, ẹ má rìn ín nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ fi ẹsẹ̀ lọ sí ìrun àṣàmù, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ bọ̀, ẹ̀yin ìyá náà, ẹ kó ara yín jọ kí ẹ máa lọ pọ̀. Ẹni tí àyà bá ń dùn bó bá ń rìn, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Baba tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe gbogbo èyí fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀rá rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí dókítà ń fẹ́. Dókítà fún un ní oògùn, ojú sì tì í láti lò ó. A ní kó má tijú. Látara ẹ̀bu ni Akira Endo, ọmọ ilẹ̀ Japan, ti rí irú oògùn yìí àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1973, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì ti dá sí láti ìgbà náà. Lílò rẹ̀ kò dí ààwẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, a sì lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ má fúnra yín rà á, ẹ má sì fúnra yín dá a dúró.

Ìyàwó rẹ̀ ti ra epo pupa padà o. Ṣíbí ló fi ń wọ̀n ọ́n báyìí, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn lọ sí àṣàmù ni.